Orúkọ Òkú Lórí Iṣẹ́ Alààyè

Ìyàwó ilé ò gbálẹ̀ iwájú ìta. Ohun tí Anajon kọ́kọ́ rí láàárọ̀ Alàmísì yẹn nìyẹn, bó ti gbé ọpọ́n ìyẹ̀fun jáde lọ sídìí ààrò búrẹ́dì. Láti ọjọ́ tí Intizor ti wọlé ọkọ, oòrùn ò tíì yọ kó bá ìta ilé Anajon láìgbá rí. Òtútù ìbáà mú, oyún ìbáà wúwo, ìró ọwọ̀ ìyàwó ló máa ń jí ìyá ọkọ. Lónìí, erùpẹ̀ àná wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, àgùntàn aládùúgbò ti fi ẹsẹ̀ tẹ àmì sórí ẹ̀ káàkiri, iyọ̀ ilẹ̀ tó máa ń rú jáde kí wọ́n tó fi omi fọ oko sì funfun létí ọ̀nà bí ìyẹ̀fun tó dà nù.

"Anajon o! Ẹ jíire bí?" Rayhon ló na ọrùn lórí ògiri, aládùúgbò tí ojú ẹ̀ kì í fo nǹkan kan. "Ṣé ara ìyàwó yá ṣá?"

"Ara ẹ̀ le koko."

"Mo ní kí n béèrè ni. Ìta yín ló ń sọ̀rọ̀."

"Ìta wa ò lẹ́nu, Rayhon. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀."

Rayhon rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò bínú, bẹ́ẹ̀ ó ń bínú. Anajon fi omi tọ́ ọwọ́, ó lẹ búrẹ́dì àkọ́kọ́ mọ́ ògiri ààrò gbígbóná, ó lẹ èkejì. Ó ti pinnu pé tí òun bá ṣe tán, òun á fa ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun á sọ ọ́ sí i létí wẹ́rẹ́. Kò tíì lẹ ẹ̀kẹta tó fi gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀ nínú ilé. Shomurod kì í pariwo. Iléeṣẹ́ omi ló ń bá ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá pariwo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé. Bó bá wá pariwo mọ́ ìyàwó ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọwọ̀ àti ilẹ̀.

Ó bá Intizor lórí tìmùtìmù níwájú kọ̀ǹpútà, aṣọ àná ló ṣì wọ̀, ìborí ẹ̀ ti yọ̀ sẹ́yìn. Shomurod dúró lé e lórí pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń fọn fèrè fún Rayhon?"

"Ẹ bi ìyàwó yín, Ìyá. Ẹ bi í, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Intizor ò gbójú sókè. "Jọ́nà yẹn ti kọ̀wé sí mi, Ìyá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ àpilẹ̀kọ mi kúrò."

Anajon mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jọ́nà. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní ìlú Urganch mọ́? Ìwé táwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí sí ni. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá mọ ọmọ kọ́ ni olùkọ́ yunifásítì. Ní báyìí, ẹni tí àpilẹ̀kọ ẹ̀ ò bá sí nínú jọ́nà òkèèrè, ilé ló ń lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé tó bá ní olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀ jọ́nà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àgbò Iléyá. Ti Intizor jáde nígbà òtútù, lórí iyọ̀ tó ń pa ilẹ̀ òwú. Lọ́jọ́ náà, Anajon fúnra ẹ̀ gbé búrẹ́dì gbígbóná yí àdúgbò ká, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò fẹ́ràn pàápàá.

"Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kẹ̀? Ṣé wọ́n rí irọ́ nínú ẹ̀ ni? Àbí iyọ̀ ò sí nínú ilẹ̀ wa mọ́?"

"Kì í ṣe iyọ̀, Ìyá. Orúkọ ni. Ẹnì kan kọ̀wé sí wọn pé Bàbá Tíṣà, tí orúkọ wọn ṣíwájú tèmi, ti kú kí iṣẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Wọ́n kú lóòótọ́. Gbogbo ìlú la jọ sin Matyoqub. Ta ló fi í pa mọ́?"

"Èmi ni," Intizor ní. Ó wá gbójú sókè, ojú náà sì ti wú. "Èmi ni mo fi í pa mọ́. Òfin wọn ni pé gbogbo ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà lórí iṣẹ́, kó ṣe nínú iṣẹ́ náà, kó sì fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ wọn kọ̀, kò gba iṣẹ́ mi láìrí ímeèlì Bàbá Tíṣà. Mo bá ṣí ọ̀kan lórúkọ wọn. Wọ́n kọ̀wé sí Bàbá Tíṣà, èmi ni mo dá wọn lóhùn. Mo kọ ọ́ pé, 'Mo fọwọ́ sí i. Matyoqub.'"

"Ẹ gbọ́ o!" Shomurod pàtẹ́wọ́. "Òkú ń fọwọ́ síwèé! Ìyàwó mi ti sọ sàréè di ọ́fíìsì!"

"Wọ́n ní kí n ṣàlàyé kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Tí àlàyé mi ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sórí iṣẹ́ náà pé ẹ̀tàn ni, wọ́n á sì kọ̀wé sí yunifásítì."

"Kí ni yunifásítì á wá ṣe?" Anajon béèrè, ó sì mọ̀ ọ́n.

 Òórùn búrẹ́dì tó ń jóná ló wọlé wá bá wọn, ìyá àgbà sì sáré jáde.

Búrẹ́dì kan ti já sínú eérú. Ó fi irin fà á jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹnu kò ó bí wọ́n ti ń ṣe sí búrẹ́dì tó bá ṣubú, ó gbé e sórí ògiri fún àwọn ẹyẹ.  Ẹnu tòun gan-an lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ọjọ́ Alàmísì kan bí irú èyí ni, epo wà lórí iná, wọ́n ń dín ìyẹ̀fun pípò kí òórùn epo lè dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú ilé, kí wọ́n mọ̀ pé a ò gbàgbé àwọn. Intizor ló ní, "Ìyá, Bàbá Tíṣà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀. Wọn ò rí òpin iṣẹ́ yìí. Ṣé ó burú tí mo bá fi orúkọ wọn sókè?" Anajon ò tilẹ̀ dákẹ́ rò ó. Ó ní, "Ìyẹn náà ló tún ń béèrè? Ta ló ń jẹun tán kó tó dárúkọ òkú? Jẹ́ kí tiwọn ṣíwájú, kí tìẹ tẹ̀ lé e. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni ẹ́." Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n ṣe é bí ẹni ń ta epo síná fún òkú. Ta ló mọ̀ pé àwọn kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé olè ni wọ́n máa ka òkú sí?

"Anajon," Rayhon tún ti dé orí ògiri, "mo gbọ́ díẹ̀ o. Kì í ṣe pé mo fetí kọ́ ọ."

"Rárá o. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá bá ọ."

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọkọ ọmọ mi ńkọ́? Àpilẹ̀kọ mẹ́rin! Ṣé ẹ rò pé ó débi kankan lọ wádìí ohunkóhun? Àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ ọ́ tà. Ó sanwó, wọ́n ki orúkọ ẹ̀ bọ àárín àwọn èèyàn kan tí ò mọ̀ rí láyé ẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ dá lórí àìsàn ẹja."

"Ẹja? Ìtàn kọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ni?"

"Ìtàn náà ni. Ó ní ẹja náà nítàn tiẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Anajon, ó sì fẹ́ sunkún. "Wọn ò sì mú un?"

"Ta ló fẹ́ mú un? Ṣebí gbogbo wọn ló wà láàyè," Rayhon ní, ó sì fa orí padà sẹ́yìn ògiri.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó rin oko òwú títí tí iyọ̀ fi la àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ló jókòó nínú ilé tó ń sunkún un nì. Ẹni tí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrù ẹja àti orí ẹ̀ ti lọ síṣẹ́, ó ń fi fèrè mọ́tò kí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà.

Oòrùn ti kúrò lágbede méjì ọ̀run nígbà tí mọ́tò dúdú kan dúró síwájú ìta tí wọn ò gbá. Hamdam Rajabovich ni, ọ̀gá ẹ̀ka tí Intizor wà ní yunifásítì. Ọ̀gá kì í wá sílé ọmọ iṣẹ́ àyàfi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Anajon wo bó ṣe ń yọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní nínú ọkàn ẹ̀ pé èyí kì í ṣe ìgbéyàwó.

Wọ́n fi í síbi tó jìnnà sílẹ̀kùn jù, níbi tí wọ́n ń fi àlejò pàtàkì sí. Anajon fi gbogbo ẹyin tó kù nínú ilé ṣe oúnjẹ fún un, ó rọ ọ́ sínú ìyẹ̀fun pípò tó tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sè é, ó da bọ́tà lé e. Ọ̀gá jẹun dáadáa. Ó yin oúnjẹ, ó béèrè nípa Zumrad, ọmọ Intizor tó wà nílé ìwé, ó ní ṣé ikọ́ ẹ̀ ti ń lọ. Intizor ń bu tíì fún un ní ìdajì ife, ìdajì ife, bó ṣe yẹ kí wọ́n bù ú fún ẹni ọ̀wọ̀.

"Ọmọ mi, èmi ò bínú sí ẹ," Ọ̀gá Hamdam ní. "Ó kàn dùn mí ni. Nígbà ìkórè òwú, ǹjẹ́ mi ò pè ẹ́? Mo ní kó o fi orúkọ ẹni tó wà láàyè sí i, ẹni tó lè gbèjà ẹ lọ́jọ́ tí nǹkan bá dé. O ní kò sáàyè."

"Mo ní ẹ ò bá mi dé oko, Ọ̀gá."

"O rí i báyìí? Matyoqub ńkọ́, ó lè tẹ̀ lé ẹ débi tó o ń lọ yìí?"

Anajon sún mọ́ ọn díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àgbà tí ò mọ̀wé. Àwọn ará òkèèrè yìí, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé Tíṣà ti kú? Àbí wọ́n wà níbi ìsìnkú tá ò rí wọn?"

Ọ̀gá Hamdam bu búrẹ́dì, ó fi nu bọ́tà tó kù nínú àwo, ó jẹ ẹ́ tán. "Ayé ti di kékeré, Màmá," ó ní.

 Shomurod ń wo ẹní. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Anajon gba ife lọ́wọ́ àlejò, ó tún bu tíì sí i, nítorí àlejò ni.

"Ọ̀nà àbáyọ wà," Ọ̀gá ní. "Òfin àwọn jọ́nà yìí lójú àánú. Bí ọ̀gá bá fi agbára mú ọmọ abẹ́ ẹ̀ pé kó fi orúkọ òun sórí iṣẹ́ tí òun ò ṣe, ọ̀gá ni wọ́n ń bá wí, wọn kì í bá ọmọ wí. Kọ ọ́ sí wọn pé nígbà ayé ẹ̀, Matyoqub ti pàṣẹ fún ẹ pé iṣẹ́kíṣẹ́ tó o bá ṣe, orúkọ òun ló máa ṣíwájú. Pé òun fúnra ẹ̀ ló ṣí ímeèlì yẹn, tó fi lé ẹ lọ́wọ́. Pé ẹ̀rù ò jẹ́ kó o lè yọ ọ́ lẹ́yìn tó kú. Èmi á kọ tèmi, màá jẹ́rìí sí i pé bó ṣe ń ṣe sí gbogbo wa nìyẹn, àti pé èmi ni mo bójú tó ìyókù iṣẹ́ náà. Wọ́n á yọ tiẹ̀, wọ́n á fi tèmi síbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ dúró digbí."

Intizor gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. "Bàbá Tíṣà ò fi agbára mú ẹnikẹ́ni rí, Ọ̀gá. Ẹ̀yin gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló kọ́ yín. Orúkọ wọn ò sí lórí iṣẹ́ yín."

"Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́." Ọ̀gá Hamdam ń nu ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èèyàn rere ni. Kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ ẹ. Àmọ́ òkú kì í pàdánù iṣẹ́, ọmọ mi."

Ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúrà lórí oúnjẹ, ó ní kí ire má ṣe tán nínú ilé náà. Gbogbo wọn ní àmín, wọ́n fọwọ́ nu ojú. Intizor ti jáde ṣáájú lọ yí bàtà ọ̀gá sí ojú ọ̀nà kó má baà ṣòro wọ̀ fún un, bí ìyàwó ilé ti ń ṣe fún àlejò. Ọkọ ẹ̀ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí bàtà yẹn, ojú tì í, ìtìjú náà sì di ìbínú nígbà tí mọ́tò lọ tán.

"Wá kọ ọ́," Shomurod ní.

"Mi ò kọ ọ́, Bàbá Zumrad."

"Mo ní wá kọ ọ́!"

"Òtítọ́ ni màá kọ sí wọn. Pé Bàbá Tíṣà ti kú, pé mo fi orúkọ wọn sí i torí ọlá wọn, pé mo purọ́ fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́bi tó bá mọ ẹ̀bi ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

"Níwájú ta lo fẹ́ kúnlẹ̀ sí? Níwájú kọ̀ǹpútà?" Shomurod gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ṣé èèyàn ló wà níbẹ̀ tó máa rí omijé ẹ? Wọ́n á ka òtítọ́ ẹ, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á sì lé ẹ. Ilé iṣẹ́ tiwa ò tíì sanwó láti ìgbà òtútù. Yẹtí tí ìyá ẹ fún ẹ ti bá owó tí jọ́nà gbà lọ. Oògùn tí Zumrad ń fà símú, ta ló ń rà á? Dá mi lóhùn! Tí eruku iyọ̀ bá tún gbéra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọmọ ò rí èémí mí, ṣé Matyoqub máa jí dìde wá mí fún un?"

"Ẹ má pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Kí n máa pè wọ́n ní kí ni? Òkú ò mọ iye à ń rà'gọ̀!"

"Nígbà tí a ń gbẹ́ kòtò láti wo iyọ̀ ilẹ̀, tí mo wà nísàlẹ̀, ta ló di okùn mú lókè?" Ohùn Intizor ti lọ sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bàbá arúgbó, nínú òtútù. Mo ní, Bàbá Tíṣà, tí a bá kọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, mo kàn di okùn mú ni.'"

Anajon yí orí sí i. "Wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́nu ara wọn?"

"Wọ́n kọ̀ ọ́, Ìyá."

"O ò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tó ò ń béèrè."

"Ẹ ò jẹ́ kí n débẹ̀. Ẹ ti dáhùn kí n tó béèrè tán."

Ó rí bẹ́ẹ̀. Anajon jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Iyọ̀ ti gun ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí èèyàn. Wọ́n ń fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, ó sì ń padà yọ lọ́dọọdún, amọ̀ ń jábọ́ wẹ́wẹ́. Ó fi ìka ha díẹ̀ níbẹ̀. Nínú ilé yẹn, adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ìyá, ẹ dá sí i," Shomurod ní. "Ẹ̀yin làgbà. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe."

Àwọn méjèèjì ń wò ó. Ìyá àgbà ro ti Tíṣà Matyoqub, bó ṣe máa ń kọjá lọ tó máa ń dúró kí i, tó máa ń gba búrẹ́dì gbígbóná kan lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò ní jẹ ẹ́ títí yóò fi délé, kó lè bá ìyàwó ẹ̀ pín in. Ó ro ti Zumrad, bí àyà ọmọ náà ṣe ń dún lóru bí ìlẹ̀kùn tí ò rí epo. Ó fẹ́ kí ẹlòmíràn wà tó dàgbà ju òun lọ nínú ilé yẹn. Kò sí.

"Kọ ọ́," ó ní.

"Ìyá! Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi orúkọ wọn sí i."

"Èmi náà ni mo ní kó o yọ ọ́."

"Tó bá jẹ́ yíyọ ni, mi ò bá jà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi lẹ ní kí n gbé kọ́ wọn lọ́rùn."

"Mo gbọ́ ohun tí mo sọ, Intizor. Etí mi ò tíì di. Kọ ọ́."

Intizor dìde. Wọ́n rò pé ìdí kọ̀ǹpútà ló ń lọ, àmọ́ ó mú ọwọ̀, ó sì jáde síta. Nínú oòrùn ọ̀sán, lákòókò tí ìyàwó ilé kankan kì í gbálẹ̀, ó gbá ìta láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ilẹ̀ ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbá kọjá ibẹ̀. Ó gbá iyọ̀, ó gbá ẹsẹ̀ àgùntàn, ó gbá ipa táyà mọ́tò dúdú yẹn. Rayhon yọjú lórí ògiri, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó rọra padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tí Intizor wọlé, ó gbé ọwọ̀ sí àyè ẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó jókòó, ó sì kọ ọ́ bí Ọ̀gá ti wí. Ọkọ ẹ̀ dúró lẹ́yìn ẹ̀ títí tó fi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀, Jímọ̀ sì ń wọlé. Anajon gbé epo kaná bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Alàmísì. Kò wù ú, àmọ́ òkú ilé ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, ebi òórùn epo á máa pa wọ́n. Fóònù Intizor dún. Ọ̀gá Hamdam ni, ohùn ẹ̀ rinlẹ̀, ó dùn bí oyin. Ó ní òun ti kọ tòun, òun ti fọwọ́ sí i, kí ọmọ òun fọkàn balẹ̀, kó wá síṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé bí ìṣe ẹ̀. Intizor ní, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá." Shomurod mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní tíì. Zumrad ti dé láti ilé ìwé, ó ti sùn sórí tìmùtìmù, àyà ẹ̀ ń dún.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Sanobar ni, opó Tíṣà Matyoqub. Ó gbé àwo tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, ìyẹ̀fun díndín tiẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó gbé wá fún wọn nítorí ọkọ ẹ̀.

"Anajon, ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ẹsẹ̀ mi ò ní jẹ́ kí n dé ìhín, àmọ́ mo rọra ń bọ̀, mo rọra ń bọ̀." Ó jókòó pẹ̀lú ìmí-ẹ̀dùn. "Ìyàwó dà? Òun gan-an ni mo wá rí."

Intizor wá kí i, ó tẹrí ba. Ìyá arúgbó dì í mú lọ́wọ́, kò sì fi í sílẹ̀.

"Ọmọ ọmọ mi ti tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ ẹ jáde fún mi, ó ki í bọ inú gíláàsì. Òkè àpótí tí mo ń to kúbùsù sí ni mo gbé e kọ́. Mi ò mọ̀wé, ìwọ náà mọ̀. Àmọ́ ó fìka hàn mí ibi tí orúkọ bàbá wà, lókè, ní ìbẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń nù ún, torí eruku iyọ̀ yìí. Ṣé o mọ̀ pé bàbá yẹn lo gbogbo ayé ẹ̀ nínú oko, wọn ò fi orúkọ ẹ̀ sórí nǹkan kan rí? Òun náà ò sì béèrè. Mo máa ń bá a jà. Mo máa ń sọ fún un pé, ẹ̀yin, gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ ló ti lọ́lá, kí lẹ fi sílẹ̀ fún mi? Á ní, 'Sanobar, ilẹ̀ mọ̀ mí.'" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìborí nu ojú. "Ilẹ̀ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti jẹ́ kí àwọn èèyàn náà mọ̀ ọ́n."

Intizor fẹ́ fa ọwọ́ ẹ̀ yọ. Kò rí i yọ.

"Epo yín ti gbóná," Sanobar ní. "Anajon, ṣáà pe àwọn òkú yín, kó o sì pe tèmi mọ́ wọn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ilé tó gbé e ga."

Anajon ju ìyẹ̀fun sínú epo. Ó hó, òórùn sì kún inú ilé. Ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó pe Otajon, ọkọ ẹ̀. Ó pe Oyjamol, ìyá ẹ̀. Ó pe ọmọ tó bí tí kò pé ọdún. Orúkọ tó kàn dé ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ìyẹ̀fun ń pọ́n, ó ń dúdú, kò sẹ́ni tó yí i.

"Ṣé o ti pè wọ́n tán ni?" Sanobar béèrè.

"Èéfín ni. Ó há mi lọ́fun."

"Kò burú, jẹ́ kí n pè é fúnra mi." Ìyá arúgbó jọ̀wọ́ ọwọ́ Intizor, ó la tiẹ̀ sókè, ó di ojú. "Matyoqub, ọkọ mi. Ìwọ Ọlọ́run, orúkọ nìkan ni bàbá yìí fi sílẹ̀ fún mi láyé. O rí ohun tí ilé yìí fi ṣe. Bí ilé yìí ti ṣe sí orúkọ ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí O ṣe sí orúkọ tiwọn. Ohun tí ọmọ yìí ṣe fún olùkọ́ ẹ̀ tí ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí àwọn tó bá kọ́ ṣe é fún òun náà lọ́jọ́ tí òun náà ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó la ojú. Ó ń dúró dè wọ́n, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè. Nílẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ kí àdúrà opó já sílẹ̀ láìṣe àmín. Shomurod ń wo inú ife tíì tó ti tutù. Intizor yí ojú sí ògiri, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìborí, kò yọ wọ́n jáde.

Sanobar wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ díẹ̀.

Anajon gbé ọwọ́ méjèèjì sójú, ó fà á wálẹ̀ dé àgbọ̀n.

"Àmín," ó ní.